Yíyá odidi ọkọ̀ ojú omi fún ìdílé: ìtọ́sọ́nà fún ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lọ sórí ọ̀sà Èkó

Aago tí ẹ máa gúnlẹ̀ padà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe aago tí ẹ máa gbéra. Ohun tó sábà máa ń ba ìgbafẹ́ orí omi jẹ́ fún ìdílé tó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa lọ kò ju èyí lọ: wọ́n pẹ́ dé èbúté, ọkọ̀ pẹ́ ṣí, wọn kò tí ì gbádùn etíkun tán tí ojú ọ̀run fi ṣú, awakọ̀ wá ń sáré padà nínú ìgbì nítorí pé ìjọba kò fọwọ́ sí kí ọkọ̀ èrò máa rìn lórí omi lálẹ́. Eré àsápajúdé yẹn ni jàǹbá ń bá rìn.

Ẹ fi aago 4 ìrọ̀lẹ́ ṣe àsìkò ìgúnlẹ̀, kí ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ká ní ibi tí ẹ ń lọ gba ìṣẹ́jú 45, àlọ àti àbọ̀ di wákàtí 1 ààbọ̀. Wákàtí 4 létíkun. Ìṣẹ́jú 45 fún wíwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kíkó ẹrù àti gbígbọ́ àlàyé awakọ̀. Ẹ má gé èyí kù rárá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 15. Ìyẹn ni pé ní aago 9:45 àárọ̀, àgbà àti ọmọdé yín gbọ́dọ̀ ti pé ní èbúté. Ẹni tó bá jí ní Takié, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ ọjọ́ náà kò lè bá a láìfi ẹ̀mí wewu lójú títì. Nítorí náà, sísùn ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú jẹ́ ara owó ìrìnàjò yìí. Ẹ kà á mọ́ ọn kí ẹ tó pín owó fún ẹbí.

Láti ilé dé Èkó

Ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ bọ̀ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ibùdókọ̀ ojú irin Moníyà wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an, kí èèyàn tó wọ àárín ìlú Ìbàdàn. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Ebute-Mẹ́ta, ọ̀nà kìlómítà 157. Ẹ máa bọ́ sílẹ̀ níbi tí afárá tó lọ sí Erékùṣù Èkó kò jìnnà sí, ẹ ò sì ní bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì pàdé. Ẹ wo àkókò tó ń gbéra lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, torí pé wọ́n máa ń yí i padà, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Bí ẹ bá pọ̀ ju mẹ́wàá lọ, tí ẹrù yín sì pọ̀, bọ́ọ̀sì kan tí ẹ yá láti ilé lè rọrùn jù. Kó kúkú gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Oṣù wo ló dára

Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ni omi máa ń rọ̀ jù. Nínú wọn, àárọ̀ Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní ní kùrukùru ọyẹ́. Bí awakọ̀ kò bá rí òdìkejì omi, kó dúró kí oòrùn tú u ká. Láti ìparí Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún, òwúrọ̀ dára, ọ̀sán ni kò ṣe é fọkàn tán. Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kó kọjá: òjò ń rọ̀, ìgbì òkun sì ń ga.

Ìjì ọ̀sán yẹn kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlà oòrùn á ṣú dúdú, atẹ́gùn á dákẹ́, ooru á mú, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù kan á fẹ́ lójijì. Nílé, àkókò àtiká aṣọ kúrò lórí okùn nìyẹn. Lórí ọ̀sà, àkókò tó yẹ kí ẹ ti wà létí omi ni. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò jìn, ìdí nìyí tí ìgbì ìjì fi máa ń dúró ṣánṣán níbẹ̀, tí ó sì máa ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ ní kíákíá. Ọkọ̀ kékeré kì í rí àyè gbéra lórí ọ̀kan kí òmíràn tó dé. Bí ẹ bá rí i tí ìlà oòrùn ń ṣú, ẹ má dúró gbọ́ kí ààrá tó sán. Ẹ yà sí èbúté tó bá sún mọ́ jù.

Ohun kan tún wà tí a kò ní lókè níbí: omi òkun ń kún, ó sì ń fà. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó bá fà tán, nǹkan bí wákàtí 6 ni, àkókò rẹ̀ sì máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ẹ bi awakọ̀ pé, "Ìgbà wo lomi máa fà tán lọ́jọ́ yẹn?" Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á dá yín lóhùn láìrònú púpọ̀. Nígbà tí omi bá fà, yanrìn abẹ́ omi á sún mọ́ òkè, àtẹ̀gùn èbúté á jìn sísàlẹ̀, ewédò á sì mú kó máa yọ̀. Bí Ìyá Àgbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ mú àkókò tí omi kún fún wíwọ ọkọ̀.

Ibi tí ẹ máa lọ

Fún ìdílé tí kò tí ì gun omi rí, Tarkwa Bay ni ká kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, kò jìnnà sí Fikitóríà Áílàǹdì, ó sì wà lẹ́yìn ògiri òkúta tí àwọn òyìnbó kọ́ sẹ́nu òkun láyé ìjọba amúnisìn. Ògiri yẹn ló ń gba ìgbì lójú, omi ibẹ̀ sì rọ̀ ju ti etíkun yòókù lọ. Ìláṣẹ jìnnà díẹ̀ sí i lápá ìwọ̀ oòrùn. Ojú ọ̀nà omi ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ ó wá fẹsẹ̀ gba orí yanrìn dé ojú òkun. Ilé ìgbafẹ́ tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibòji wà ní Ìláṣẹ, ṣùgbọ́n òkun ibẹ̀ le. Àgbàdárìgì dára fún ẹni tó fẹ́ fi ìtàn han àwọn ọmọ, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn lórí omi. Ẹ gba ojú títì débẹ̀, kí ẹ yá ọkọ̀ kékeré láti ibẹ̀ kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín kọjá ògiri òkúta yẹn bọ́ sójú agbami lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Níbi tí omi ọ̀sà tó ń fà jáde ti ń pàdé ìgbì tó ń bọ̀ wọlé, omi máa ń ru níbẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ pàápàá.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Iye èrò tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kó awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ mọ́ra. Ọkọ̀ èèyàn 12 gba èrò 10 péré. Níbi tí ìdílé ti máa ń ṣìṣe nìyí, torí pé a ti mọ gbígbé ọmọ lẹ́sẹ̀ mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì. Lórí omi, ọmọ ọdún 3 jẹ́ èèyàn kan: àyè tirẹ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹrù náà ní ìwọ̀n. Lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan, nítorí náà kúlà lítà 60 tí ẹ kún fún yìnyín àti mínírà wúwo tó àgbàlagbà kan. Bí ẹ bá gbé kúlà 2, ẹ yọ èèyàn 2 kúrò nínú iye náà. Ìdílé tó ní èèyàn 10 pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ èèyàn 15 tàbí 16 ni kí ẹ wá.

Ẹ́ńjìnnì 2 ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ẹyọ kan tó lágbára. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé yín délé ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Epo ni ohun tí ẹni tó ń yáni lọ́kọ̀ máa ń fẹ́ fi pa owó mọ́. Òfin àwọn atukọ̀ rọrùn: ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ́ńjìnnì méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ti ẹṣin 75 (75 hp), tó bá ń rin ìrìn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, máa ń jó nǹkan bí lítà 40 ní wákàtí kan. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo máa ń jó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún wákàtí 1 ààbọ̀ àlọ àti àbọ̀, lítà 60 nìyẹn. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un: lítà 90 gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kó tó ṣí. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo àpòpọ̀, lítà ọ́ìlì 1 sí lítà epo 50 ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó. Ẹ tún bi wọ́n bóyá asẹ́ tó ń ya omi kúrò lára epo wà lójú ọ̀nà epo náà. Epo inú jálá máa ń ní omi nísàlẹ̀, omi yẹn ni ẹ́ńjìnnì máa ń fà mu láàárín ọ̀sà, tí á sì kú.

Bí ẹ bá lè rán ẹnìkan nínú ẹbí tó ń gbé Èkó lọ wo ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, á dára púpọ̀. Kó ní kí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì lójú òun nínú omi, kó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí omi ń tú jáde bí ìgbà tí ọmọdékùnrin ń tọ̀. Omi yẹn gbọ́dọ̀ máa tú gan-an láìdáwọ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì ń fa omi ọ̀sà sókè láti fi mú ara rẹ̀ tutù, èyí tó tú jáde lẹ́yìn ni ẹ̀rí pé ó ń rí i fà. Bó bá ń kán tó, tó, tó, tàbí tó ń gbóná jáde bí ooru, ọ̀nà omi ti dí. Lórí ọ̀sà Èkó, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló sábà máa ń dí i; yóò lẹ̀ mọ́ ojú ihò tó ń fa omi. Lẹ́yìn òjò, koríko ojú omi tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò náà máa ń wé mọ́ pòròpélà. Àtúnṣe méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà: kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi ọ̀bẹ àti ọwọ́ yọ ọ́. Awakọ̀ tó bá ń bá eré lọ nígbà tí aago ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì ń ké kò yẹ fún ìdílé yín.

Kó tún wo ìdákọ̀ró tó ní okùn tó tó mítà 30, àjẹ̀ 2, pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀ (kí wọ́n tan án kó gbọ́ ìró rẹ̀), ohun èlò ìpaná, òrùka tí wọ́n ń jù sí ẹni tó bá já sómi, púlọ́ọ̀gì tó wà ní ìpamọ́, àti okùn pupa tó ń so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Okùn yẹn ló máa pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú. Ọ̀pọ̀ máa ń so ó kọ́ síbi kan nínú ọkọ̀ láìfi sọ́wọ́. Ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́wọ́ fún wa."

Àdéhùn

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ọkọ̀ àti ti awakọ̀. Àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń mójú tó ọ̀nà omi níbẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp: orúkọ ọkọ̀, iye èèyàn, aago ìgbéra àti ìgúnlẹ̀, bóyá epo wà nínú owó náà, ta ló ń san owó èbúté àti owó ìgúnlẹ̀ ní etíkun, àti bóyá awakọ̀ máa dúró dè yín. Kókó yìí ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: awakọ̀ já yín sílẹ̀ láàárọ̀, ó lọ gbé èrò mìíràn, ẹ sì jókòó dè é títí di aago 5. Ẹ kọ ọ́ pé, "Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa." Kí ìlà kan wà níbẹ̀ nípa ojú ọjọ́: bí awakọ̀ tàbí ẹ̀yin bá rí i pé ojú ọ̀run kò dára, ẹ máa sún un sí ọjọ́ mìíràn, àsansílẹ̀ owó yín kò sì ní ṣòfò. Láìsí ìlà yìí, owó ni yóò máa pinnu bóyá ẹ máa wọ inú ìjì. Ẹ san ìdajì ṣáájú, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo yín bá ti tẹlẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí la ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ wọn gbogbo ọmọ lórí òṣùwọ̀n nílé, kí ẹ fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Inú láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ẹni tó wà fún sí. Bí wọn kò bá ní ti ọmọdé, ẹ ra tiyín tàbí kí ẹ yá a. Jákẹ́ẹ̀tì àgbà tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ ọmọ lára kò ní gbà á: yóò léfòó lọ sókè, ọmọ á sì yọ́ bọ́ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, kí ẹ de gbogbo ìgbànú rẹ̀, títí kan èyí tó gba abẹ́ ìtàn kọjá. Kí ọmọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ di jákẹ́ẹ̀tì mú ní èjìká, kí ẹ fà á sókè bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ. Bí àgbọ̀n àti etí rẹ̀ bá wọlé sínú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì, ó tóbi jù. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì wà lókè tí kò sì sún ju ìka méjì tàbí mẹ́ta lọ, ó bá a mu. Ẹ fi ọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀. Èyí tó bá ti le gbagidi, tàbí tó bá ń rùn fún omi tó ti wọ inú rẹ̀, kì í gbé èèyàn dáadáa mọ́.

Ẹ má pọn ọmọ nínú ọkọ̀. Ọ̀já tó dáàbò bo ọmọ lójú títì máa ń di ẹ̀wọ̀n lójú omi: ìyá á dojú sókè, ọmọ tó wà lẹ́yìn á wà lábẹ́ omi, kò sì sẹ́ni tó lè tú ìdí ọ̀já tó ti rẹ. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ kí ẹ tó dé èbúté. Ọmọ ọwọ́ tí kò sí jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, kí ó dúró sílé pẹ̀lú ẹnìkan. Ìpinnu tó nira fún ìyá ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Agbádá àti ìró ńlá náà kò bá ọkọ̀ mu. Bí wọ́n bá gba omi, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì wé mọ́ ẹsẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lókè aṣọ, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò fúyẹ́ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nítorí oòrùn, àti bàtà tí kò ní gìgísẹ̀.

Oúnjẹ àti èébì

Mọ́ínmọ́ín eléwé, búrẹ́dì, ẹyin sísè, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló rọrùn jù. Ọbẹ̀ elépo máa ń dànù, ó sì máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ ọkọ̀ máa yọ̀. Lítà omi 2 fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá padà sínú àpò. Ẹ ti rí ohun tí ọ̀rá ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tí òòyì bá ń kọ́ nínú mọ́tò, ó lè kọ́ ọ lórí omi. Kó jẹ oúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀, má jẹ́ kó wọ ọkọ̀ lófìfo inú. Oògùn èébì ìrìnàjò ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá lò ó ní nǹkan bí wákàtí 1 ṣáájú. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ẹ bi apòògùn léèrè, kí ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ fún un: promethazine kò yẹ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2. Atalẹ̀ náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Lórí omi, kí ó jókòó sápá ẹ̀yìn, kó máa wo ilẹ̀ tó jìnnà, kó fi fóònù sílẹ̀.

Wíwọ ọkọ̀ àti ìrìn

Ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, àárín ọkọ̀ ni kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, kì í ṣe etí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ gbé ẹrù fún ọmọ ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ ń sún kúrò lára èbúté bí ẹsẹ̀ bá tì í, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀ fi ń já sáàárín. Àwọn àgbà, aboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn jókòó sápá ẹ̀yìn, torí pé iwájú ni ọkọ̀ ti ń fò tó sì ń lu omi. Ẹ pín àwọn tó sanra sí ọ̀tún àti òsì. Bí ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá bá kọjá, ìgbì rẹ̀ á dé bá yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: kí gbogbo yín jókòó, kí ẹnikẹ́ni má dìde ya fọ́tò. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ní aṣọ tí wọ́n fi bò ó, tí òórùn èéfín sì ń wọlé, ẹ ká a sókè. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀.

Bí èèyàn bá já sómi, ẹni tó rí i á kígbe, á sì na ìka sí i láìgbójú kúrò, títí tí ọkọ̀ fi máa yí padà. Kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun mìíràn. Orí kékeré ni ti èèyàn lójú omi, ìgbì kan ṣoṣo ti tó láti fi í pamọ́. Kí àwọn yòókù ju òrùka sí i. Kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó tó sún mọ́ ọn, torí pòròpélà. Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 àti 112, sínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì fi aago ìgúnlẹ̀ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa pè bí ẹ kò bá pè é.

Létíkun

Kí àgbà kan tó mọ omi wẹ̀ máa ṣọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa gba ara wọn sípò ní ìṣẹ́jú 20 sí 20. Ẹni tó bá ń ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Ní Ìláṣẹ àti etíkun gbangba, kí omi má kọjá orúnkún. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́ funfun, tó dà bíi pé ó rọ̀ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń padà sínú òkun, ó sì ń fa èèyàn lọ. Ẹni tó bá mú kò gbọ́dọ̀ bá a jà tààrà sí etíkun. Kó léfòó, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú etíkun, títí tí omi fi máa jọ̀wọ́ rẹ̀, kó tó wẹ̀ padà.

Ní aago 2 ààbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù, ẹ ka orí àwọn ọmọ, ẹ de jákẹ́ẹ̀tì wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà àbọ̀ ni wọ́n máa ń tú u nítorí pé ara ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ má gbéra sọ́nà Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi omi tútù wẹ iyọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, kí ẹ wọ ọkọ̀ sílé láàárọ̀.